Ọ̀mì Kì Í Ṣe Òfo

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, iná mànàmáná lọ ní àdúgbò Fourways, ní ìhà àríwá ìlú Johannesburg. Ìdílé Yorùbá kan tó ń gbé níbẹ̀ ti mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìyá tan fìtílà oníbátìrì, ọmọkùnrin kékeré lọ sùn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó ìwé rẹ̀ wọ yàrá. Bàbá nìkan ló kù nídìí tábìlì ìjẹun. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì wà níwájú rẹ̀, bébà mẹ́sàn-án sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí orúkọ lára èyíkéyìí nínú wọn, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ adájọ́ ni wọ́n fún un. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń pàdé lópin ọ̀sẹ̀ láti ta ṣẹ́ẹ̀sì ló ń ṣe ìdíje kékeré kan. Kì í ṣe pé kí ẹni méjì jókòó ta ayò o. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ni pé kó fúnra rẹ̀ to ìparí ayò kan sórí pátákó, kó sì fi hàn bí ẹni tó ti fẹ́ kú ṣe lè bọ́. Funfun ló máa kọ́kọ́ rìn. Wọn ò retí pé kó borí. Ọ̀mì ni kó ta.

Kí Ló Wà Nínú Ọ̀mì?

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n kò ní ṣàìmọ ọ̀mì. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ihò 12. Bí ẹni méjì bá ta á, tí kálukú wọn sì jẹ 24, kò sí ọ̀ta, kò sí ọ̀pẹ. Àwọn tó ń wòran á ní kí wọ́n tún un ta. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ńṣe ni ọ̀mì dà bí ẹni tó lọ sọ́jà tó sì padà wálé pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò jèrè, tí kò sì pàdánù. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì pàápàá, àwọn kan máa ń gbà láti ta ọ̀mì torí pé ó ti rẹ̀ wọ́n, tàbí torí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Àmọ́ irú ọ̀mì mìíràn wà. Ẹ fojú inú wo ẹni tí àwọn ọmọ ayò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ti ọ̀tá rẹ̀ sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, tí gbogbo òǹwòran ti ń dìde kí wọ́n máa lọ. Bó bá rí ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù, tó sì gba ibẹ̀ bọ́, ṣé ẹnì kan lè sọ pé òfo ló mú bọ̀? Irú ọ̀mì bẹ́ẹ̀ làwọn kan ti ń fi ọwọ́ ara wọn to sórí pátákó láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. A lè pè é ní àlọ́ àpamọ̀ orí pátákó.

Gúúsù Áfíríkà náà ti ní ẹnì kan tó mọyì ọ̀mì gidigidi. Orúkọ rẹ̀ ni Wolfgang Heidenfeld. Ìlú Berlin ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1911, Júù sì ni. Ó wá fi Gúúsù Áfíríkà ṣe ilé, ìgbà mẹ́jọ ló sì di ọ̀ta orílẹ̀-èdè náà nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún 1955, ó na Max Euwe, ẹni tó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀ta gbogbo ayé. Èèyàn á rò pé àwọn ayò tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ borí nìkan ni yóò máa fi yangàn. Síbẹ̀, lọ́dún 1968, ó tẹ ìwé kan jáde lédè Jámánì tó dá lórí ọ̀mì. Àwọn ayò ńláńlá táwọn méjèèjì ti fi gbogbo agbára wọn jà, tí kò sì sẹ́ni tó ṣubú, ló ṣà jọ síbẹ̀. Lọ́dún 1982, lẹ́yìn tó ti kú, ìwé náà jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọba Tó Lé Eku Méjì

Bí bàbá yìí bá fẹ́ ṣàlàyé àlọ́ ọ̀mì fún ọmọdé, èyí tí Richard Réti gbé jáde lọ́dún 1921 ló máa ń tò fún wọn. Ẹ̀yin náà lè tò ó bí ẹ bá ní pátákó nílé. Ọmọ ayò mẹ́rin péré ló gbà: ọba méjì àti ọmọ-ogun méjì. Ọmọ-ogun ló kéré jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì, àmọ́ tó bá rìn dé òdìkejì pátákó, ó lè di ayaba. Ọba funfun wà ní h8, ọmọ-ogun rẹ̀ wà ní c6. Ọba dúdú wà ní a6, ọmọ-ogun tirẹ̀ wà ní h5.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó á káàánú funfun. Ọmọ-ogun dúdú ti ń sáré lọ, ọba funfun sì ti pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ìṣísẹ̀ méjì. Ọmọ-ogun funfun náà kò nírètí, torí ọba dúdú wà nítòsí tó lè pa á. Yorùbá sọ pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ọba yìí lé méjèèjì. Kò rìn tààrà, dàgẹ̀rẹ̀ ló ń rìn: g7, f6, e5. Ìṣísẹ̀ kan náà tó ń mú un sún mọ́ ọmọ-ogun ọ̀tá ló ń mú un sún mọ́ ti ara rẹ̀. Bí dúdú bá dúró pa ọmọ-ogun funfun, ọba funfun á lé tirẹ̀ bá. Bí dúdú bá kọ̀ tó ń sáré lọ, ọba funfun á dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ-ogun rẹ̀, ọmọ-ogun méjèèjì á sì di ayaba. Bó ti wù kí dúdú ṣe é, ọ̀mì ni.

Bí Adájọ́ Ṣe Ń Wò Ó

Níbi àwọn ìdíje ńlá tí wọ́n ń ṣe kárí ayé, kì í ṣe adájọ́ ló ń gba àlọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ẹnì kan á kọ́kọ́ gbà á, á yọ orúkọ kúrò, kó tó kó o fún adájọ́. Adájọ́ á wá yan àwọn tó gba ẹ̀bùn àtàwọn tó yẹ fún ìyìn. Bí èsì bá tiẹ̀ jáde, kò tíì fìdí múlẹ̀. Wọ́n á fàyè sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí àléébù lè sọ ọ́. Bí àwọn ọmọ Fourways náà ṣe ṣe é nìyẹn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì làwọn fàyè sílẹ̀ fún.

Ohun mẹ́ta ni adájọ́ ń wá. Àkọ́kọ́: ṣé òótọ́ ni? Bí dúdú bá ní ọ̀nà tó lè fi borí, àlọ́ ti bàjẹ́. Bí funfun bá ní ọ̀nà kejì tó lè fi ta ọ̀mì, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Ìtumọ̀ orúkọ Fourways ni ọ̀nà mẹ́rin, àwọn àgbà sì ti sọ pé ìkóríta ní í dààmú àlejò. Nínú àlọ́ tó dára, ọ̀nà lè jẹ́ mẹ́rin lóòótọ́, ẹyọ kan péré ló gbọ́dọ̀ délé.

Ibi tí ọ̀mì ti le ju ìborí lọ nìyí, torí pé ọ̀nà téèyàn lè gbà ta ọ̀mì pọ̀. Ọba lè há síbì kan tí kò ti lè rìn mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì ní ọ̀mì ni. Èèyàn lè máa halẹ̀ mọ́ ọba ọ̀tá láìdáwọ́ dúró. Ó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ra bí ẹni tó wà nínú ilé olódi, kí ọ̀tá máa yí ká láìrí ibi wọlé. Èyí tí ẹni tó to àlọ́ ò ronú kàn lè lúgọ síbì kan.

Èkejì: ṣé ẹlòmíràn ò ti ṣe irú rẹ̀ rí? Harold van der Heijden, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti kó irú àwọn àlọ́ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 90,000 jọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wò ó. Ẹ̀kẹta: ṣé ó dùn? Ṣé gbogbo ọmọ ayò ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe, àbí wọ́n kàn kó wọn kún pátákó? Ṣé ìṣísẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa mú kéèyàn pariwo “háà”?

Kọ̀ǹpútà ti sọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ di ìrọ̀rùn. Bí ọmọ ayò orí pátákó ò bá ju méje lọ, ó ti mọ bí ayò náà ṣe máa parí. Tí wọ́n bá ti pọ̀ ju ìyẹn lọ, ó lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó lè máa sọ pé dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí, nígbà tí ojú èèyàn ti rí i pé ilé olódi náà ti tì pa. Ní ti ohun tó dùn, kọ̀ǹpútà kì í pariwo “háà”.

Nọ́ńbà Kẹrin

Bébà kẹrin ló mú kí bàbá náà rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Funfun fi rúùkù rẹ̀ tọrẹ. Ó tún fi ẹṣin rẹ̀ tọrẹ. Kò pẹ́ tí kò fi ní nǹkan kan mọ́ yàtọ̀ sí ọba, ọba náà sì há sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, láìsí ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀mì! Ó mú bíró, ó kọ “ẹ̀bùn kìíní” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glasgow.

Lọ́dún 1895, Georges Barbier gbé àlọ́ kan sínú ìwé ìròyìn Glasgow Weekly Citizen. Funfun ní ọmọ-ogun kan, dúdú ní rúùkù. Barbier ní ọ̀mì ni: bí ọmọ-ogun náà bá di ayaba, rúùkù á fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fún ayaba, bí ayaba bá sì pa á, ọba dúdú á há. Fernando Saavedra, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Spain tó ń gbé ní Glasgow, rí ohun kan tí Barbier ò rí. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ di ayaba? Kó di rúùkù. Rúùkù ò lágbára tó ayaba, àmọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ọba dúdú ò há mọ́, kò sì lè bọ́. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọ̀mì di ìborí. Ìṣísẹ̀ kan yẹn ló jẹ́ kí orúkọ àlùfáà náà wà lẹ́nu àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì títí dòní.

Bàbá náà bá fa ìlà sórí ohun tó kọ, ó sì tún nọ́ńbà kẹrin tò látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iná máa fi dé, ó ti rí i. Funfun ò nílò gbogbo ọrẹ yẹn. Ó kàn lè fi rúùkù rẹ̀ gba rúùkù dúdú, kí ọba rẹ̀ sì rọra rìn lọ sí igun a1. Ọmọ-ogun kan ló máa kù fún dúdú, ẹ̀gbẹ́ pátákó gan-an ló sì wà, pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù tó ń rìn lójú funfun. Igun náà sì rèé, ojú dúdú ni. Bíṣọ́ọ̀bù yẹn ò lè lé ọba kúrò níbẹ̀ láéláé. Ọ̀mì ni ìyẹn náà. Ọ̀nà méjì ti wà.

Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà náà pé: “Ó dùn púpọ̀, àmọ́ ọ̀nà méjì ló ní. Kò lè gba ẹ̀bùn.”

Ìbéèrè Inú Mọ́tò

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka èsì, wọ́n sì ka orúkọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ni nọ́ńbà kẹrin.

Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ mọ́tò. Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà Winnie Mandela Drive kó tó la ẹnu.

“Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé tèmi ni?”

“Rárá.”

“Ká ní ẹ mọ̀ ńkọ́?”

Bàbá náà ò tètè dáhùn. Iná ojú títì pọ́n, ó dúró. “Ká ní mo mọ̀, bóyá mi ò ní padà yẹ̀ ẹ́ wò. Tàbí kẹ̀, bóyá mo máa yẹ̀ ẹ́ wò ju tàwọn tó kù lọ, káwọn èèyàn má bàa sọ pé mo gbè sẹ́yìn ọmọ mi.”

“Èwo ló burú jù?”

“Méjèèjì ló burú. Ohun tí wọ́n ṣe ń yọ orúkọ kúrò nìyẹn.”

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá gbọ́ ẹkún nínú yàrá. Ó wá bá ọkọ rẹ̀. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọdé ni. Ṣé ẹ ò lè rọra sọ ọ́ ni?”

“Ká ní mo fún un ní ẹ̀bùn yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ mìíràn á rí ohun tí mo rí, á sì sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹkún ìgbà yẹn máa ju èyí lọ.”

Ìyá ò fèsì. Ó bu tíì sínú ife kan, ó sì gbé e lọ fún ọmọ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná tún lọ, ọmọbìnrin náà gbé pátákó wá sídìí fìtílà. Ó ti sún ọmọ-ogun dúdú kúrò ní ẹ̀gbẹ́ pátákó, ó gbé e sí ọ̀wọ́ kejì. Lórí ọ̀wọ́ yẹn, igun a1 ò lè gba ọba là mọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe dí ihò kan ni òmíràn là: ọba rẹ̀ ò há níbi tó ti ń há tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní láti gbé ọba náà kúrò níbi tó wà, kó fi ọmọ-ogun kan kún ti dúdú, kó sì tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Bàbá na ọwọ́ sí ọba funfun kó lè dán an wò. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo pátákó.

“Ẹ má wò ó, Dádì,” ó ní. “Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí adájọ́ mìíràn. Kí wọ́n sì yọ orúkọ mi kúrò.”