Igi Tí Yóò Borí Ọyẹ́: Ìrìn Mi sí Post Office, Ìlọrin

Ẹni tó bá ń wá igi lọ sí Ìlọrin, Post Office ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo ọkọ̀ àti eruku ló pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ lọ síbi gbogbo.

Ọgbà kékeré kan ni mo ní ní Ọ̀ffà, tí mo ti ń ta igi àti òdòdó. Ìdílé kan ládùúgbò wa fẹ́ tún àyíká ojúbọ wọn gbìn. Akòko àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ti wó, ilé sì ti gba igbó tí wọ́n ti ń já ewé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ igi tí ọyẹ́ máa pa. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi: kò sí ewé, kò sí òrìṣà.

Mo sọ̀ ní Gáráàjì Ọ̀ffà, mo dé Post Office, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ kiri ọgbà mẹ́ta létí títì. Ní àkọ́kọ́, ewé ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n abẹ́ ìbòòji ni gbogbo wọn ti dàgbà. Bí a bá gbé irú igi bẹ́ẹ̀ sínú oòrùn lójijì, ewé rẹ̀ á jó. Ní ìkejì, gbòǹgbò ti lu ọ̀rá dúdú wọ ilẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fà á tu, gbòǹgbò ló máa já.

Ní ìkẹta, Àlájá àgbàlagbà kan to pèrègún sínú oòrùn gangan. Mo kí wọn, wọ́n ní:

“Ọmọ mi, má wo gíga ẹ̀. Gbé e sókè, kó o wo ìdí ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fomi kẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, tó bá délé ẹ, á ṣàìsàn.”

Mo béèrè akòko. Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Kí lo fẹ́ fowó ra akòko sí? Gé ẹ̀ka ẹ̀ níbi tó wà nílùú yín, kó o rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò.”

Òótọ́ ni. Akòko àti pèrègún, ẹ̀ka lásán la fi ń gbìn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fi pèrègún pààlà oko. Àwọn olórìṣà ní Brazil náà ní akòko, acocô ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka igi tó ti la ọyẹ́ ilẹ̀ wa já lọ́pọ̀ ọdún ló mọ ilẹ̀ wa.

Mo ra pèrègún mẹ́fà àti òdúndún díẹ̀. Nígbà tí mo padà, a wo kùkùté akòko tó wó: ó ti ń rú! Ẹ̀ka mẹ́rin la gé lára rẹ̀. Igi bàbá wọn náà ló tún ń hù.

Ẹ̀yin ará, kí gbogbo ilé gbin tirẹ̀. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀, láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, kí gbòǹgbò lè jinlẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kọkànlá tó dé. Òdúndún ń tọ́jú omi sínú ewé rẹ̀, ó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ díẹ̀. Rinrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ fi í sí ẹ̀bá àmù, níbi tó tutù. Kí ẹ tó ra igi, ẹ bi ọlọ́gbà pé, “Ṣé inú oòrùn ló ti dàgbà?” Ọ̀sanyìn á gbè wá o. Àṣẹ.