Ìyá Tó Bí Bàbá Bàbá Bàbá Wa

Ìbejì ni wá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé "àwa" tí a ń lò yìí jẹ́ ti ọba. Táíwò ń ka ìmọ̀ ìtàn, Kẹ́hìndé ń ka èdè Yorùbá, yàrá kan náà là ń gbé, dátà ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń wà láàrin wa.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí a kò tíì fojú rí. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìpínlẹ̀ Georgia ló ń gbé. Ó kọ íméèlì sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pé òun ń wá ẹni tó lè bá òun ka orúkọ kan. Olùkọ́ wa kan fi í ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú gbólóhùn kan péré: "Ẹ bá mi dá a lóhùn." Ẹ mọ bí àwọn olùkọ́ ṣe ń ṣe.

Màmá Georgia, bí a ṣe ń pè é láàrin ara wa, ti ń wá orírun rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ìwé káúńtì. Káúńtì lọ́dọ̀ wọn dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ tiwọn ní kóòtù tó ń tọ́jú ìwé: ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìhágún, láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ó ní ẹ̀yìn ni èèyàn ń rìn sí, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ara ẹni, kí èèyàn má sì fò ọ̀kankan. Òun bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ikú ìyá ìyá rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú ìwé ìkànìyàn. Ti 1890 kò sí mọ́; iná bà á jẹ́ ní Washington ní 1921, wọ́n sì da ìyókù nù lẹ́yìn náà. Ti 1880 sọ ohun tí olúkúlùkù jẹ́ sí olórí ilé, bóyá ìyàwó ni, tàbí ọmọ, tàbí àna. Ti 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri ni. Nínú ìwé ìkànìyàn ẹrú ti 1850 àti 1860, orúkọ ẹni tó ni ẹrú ló wà níbẹ̀. Ní ti ẹrú fúnra rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n kọ, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti àwọ̀ ara rẹ̀. Ó parí.

Ìwé kóòtù káúńtì ló bá a fọ́ ògiri náà. Bí olóko kan bá kú, kóòtù á rán àwọn èèyàn lọ ka dúkìá rẹ̀: màlúù, ìkòkò irin, bẹ́ẹ̀dì, àti èèyàn, tòun ti orúkọ àti iye owó. Níbẹ̀ ló ti rí baba ńlá rẹ̀, láàrin ìbaaka méjì àti ọmọlanke kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní "Cuffee".

Ó ti ṣe àyẹ̀wò DNA tó sọ fún un pé apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ọkàn rẹ̀ sì ti fà mọ́ Yorùbá. Ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé orúkọ wa ni?

Ká sòótọ́, ó wù wá láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Òru kan gbáko la fi bá ara wa jà. Kẹ́hìndé ní a lè rí nǹkan fà yọ, kí inú ìyá oníyàá lè dùn. Táíwò ní irọ́ ni, irọ́ náà yóò sì wọ inú ìwé ìdílé ẹlòmíràn lọ títí ayé. Kofi ni Cuffee. Àwọn Akan ní Gánà, àti àwọn Ewe tí wọ́n múlé gbè wọ́n, ní ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Ẹtì bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ sí i, a ní kó má bínú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò fèsì. Nígbà tó máa fèsì, ó ní òun ò mọ ọdún tí wọ́n bí i, òun ò mọ oṣù, òun ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n òun ti mọ ọjọ́ báyìí. Ó tún fi kún un pé ó lè jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, kó má jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí òun gan-an. Obìnrin náà kì í tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ló ti béèrè pé, ẹ̀yin ńkọ́, ìran mélòó lẹ mọ̀ nínú ìdílé yín?

A rẹ́rìn-ín. Àwa ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ onílé! A mú bébà, a kọ orúkọ bàbá wa, bàbá bàbá wa, bàbá tirẹ̀, àti bàbá ìyẹn tó kọ́ ilé. Mẹ́rin géérégé, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ìgbà tó kan àwọn ìyá ni pẹ́ńsùlù dúró. Ìyá tó bí bàbá bàbá bàbá wa, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá wa ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí à ń pè ní Dádì Àgbà gbọ́ ìbéèrè náà lórí fóònù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìwé yín ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́." Ẹnikẹ́ni ò sì kó àwa kọjá òkun o.

Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá lógún nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì ìdílé wa ní ìwé ìrìbọmi àtijọ́. Sátidé méjì la fi jókòó tì í, tí akọ̀wé ìjọ ń wò wá bí ẹni pé a fẹ́ jí i gbé. Ikán ti jẹ etí ìwé náà wọlé. Nínú ẹ̀kẹta la ti rí bàbá tó kọ́ ilé, ìyàwó rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àgbàlagbà tí wọ́n rì bọmi lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Orúkọ tí àlùfáà fún un ni wọ́n kọ, orúkọ inú Bíbélì tí bí ìdajì àwọn obìnrin inú ìwé náà ń jẹ́. Níbi tó yẹ kí orúkọ òbí wà, rúlà ni wọ́n fi fa ìlà kan síbẹ̀. A ya fọ́tò ìlà náà. A fi ránṣẹ́ sí Màmá Georgia, ó ní òun mọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ó ní kí a yẹ àkójọ kan wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n kó orúkọ àwọn èèyàn 91,491 sí, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn akọ̀wé kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Freetown àti Havana. Dátà wa tán síbẹ̀. Òjò wà níbẹ̀, Àìná wà níbẹ̀, bí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, àfi kí ọmọ Yorùbá pè é jáde kó tó mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ìyá wa ò wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí wọ́n kó dé òkun, tí wọ́n sì gbà padà, ní orúkọ nínú ìwé. Ẹni tí kò kúrò nílẹ̀ yìí rárá ni rúlà ń fa ìlà sí.

A lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ṣe wàhálà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, kí ìwé ìjọba àtijọ́ má bàa jẹrà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ka fáìlì ìgbèríko Abẹ́òkúta. A mọ̀ nípa owó orí, a mọ̀ nípa ìjà àwọn ìjòyè. Nípa ìyá wa, òfo.

Àmọ́ a pàdé bàbá arúgbó kan níbẹ̀, tó ń wá ẹ̀rí fún ẹjọ́ oyè ìlú rẹ̀. Ó bi wá ohun tí a ń wá, a sọ. Ó ní ìtàn tí àwa ọkùnrin ń pa, ìtàn ilẹ̀ àti oyè ni. Ẹni tó bá lè gbè wá lẹ́jọ́ la máa ń rántí. "Ẹ lọ bá àwọn obìnrin. Ẹ má sì bi wọ́n pé ta ni. Ẹ bi wọ́n pé, irú ilà wo ló kọ? Kí ni kì í jẹ? Báwo ni wọ́n ṣe ń kì í?"

Nígbà tó dé orí oríkì la wo ojú ara wa.

Bàbá bàbá wa ní àbúrò obìnrin kan tó kù láyé, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Màmá Ìtòkò (kì í ṣe Ìtòkò ló ń gbé, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ). Láti kékeré ló ti máa ń kì wá, tó bá sì kì wá débì kan, á yà, á ní ọmọ Ìkòyí ni wá. Orílẹ̀ ilé wa kì í ṣe Ìkòyí. Gbogbo wa la rò pé ara àgbà ni. A tètè wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a kí i, a jókòó sílẹ̀, a bi í pé, "Màmá, Ìkòyí ti ta ni?"

Ó ní, "Ti ìyá mi àgbà ni. Ta ló tún kù tó lè kì í, bí èmi ò bá kì í?"

Orí ẹní kan náà ni òun àti ìyá náà jọ ń sùn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó ní àbàjà ló wà lójú rẹ̀, àbàjà àwọn ará Ọ̀yọ́, kì í ṣe ilà Ẹ̀gbá. Ìjàyè ni wọ́n ti mú un wá.

Ẹni tó bá ka ìtàn mọ ogun Ìjàyè. Ní 1860 ni Ìbàdàn gbógun ti Kúrunmí, àwọn Ẹ̀gbá sì lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́. Ebi ló pa ìlú náà kí ogun tó pa á. Kúrunmí kú ní 1861, ìlú fọ́ ní 1862. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n wà lójú ogun ní oúnjẹ, àwọn òbí kan ní Ìjàyè sì fi ọmọ wọn lé wọn lọ́wọ́ nítorí oúnjẹ. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ọdún tí iná jó Washington yẹn gan-an. Kẹ́kọ̀ọ́ọ́kẹ́kọ̀ọ́ la ti ka ojú ewé náà kí ìdánwò tó dé, tí a gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Iṣu ni bàbá ìyá náà gbà. Màmá Ìtòkò ò mọ iye rẹ̀. Ọmọ kékeré ni, bàbá rẹ̀ ní òun ń bọ̀ wá rà á padà. Ó dàgbà sínú ilé wa, ó ń ṣiṣẹ́ ìwọ̀fà lórí gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò wá san, títí ọmọ jagunjagun náà fi fi í ṣe aya. Cuffee ní iye nínú ìwé káúńtì. Ìyá wa náà ní iye.

Màmá ní kò jẹ́ kí wọ́n da èèpo iṣu nù títí ó fi kú. Á sá a sóòrùn, á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, á gbé e sórí àjà níbi tí èéfín iná ti ń fẹ́ sí i. Oúnjẹ wà nílé o, ọmọ rẹ̀ ní oko kòkó. Nígbà tí ó kú, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì mọ ohun tí wọn ì bá fi wọ́n ṣe.

A sọ fún Dádì Àgbà. Bóyá kò yẹ ká sọ. Ilẹ̀ ìdílé kan wà tí wọ́n fẹ́ tà, ẹ̀ka mẹ́rin ló fẹ́ pín in. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi ẹnu ara yín sọ wá di ọmọ ẹrú, lójú àwọn tó ń wá ọ̀nà àtiyọ wá?" A ò lè ní kò mọ ohun tó ń sọ, a ti jókòó níbi ìpàdé ẹbí rí. Nígbà tí ó dé etí Màmá Ìtòkò, ó ní ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọmọ tó bí fún ọkọ rẹ̀ ọmọ ilé ni, àti pé bí a ti bí ẹrú náà la bí ọmọ. Inú wa dùn gan-an nígbà tó kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe ẹrú. Lẹ́yìn náà ni ojú wá ń tì wá pé inú wa dùn. Kí la fẹ́ kọ sí Màmá Georgia? Pé tiwa sàn ju tirẹ̀ lọ?

Màmá Ìtòkò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìjàyè. Ó gbà kí a kọ ìtàn náà, kò gbà kí a kọ orúkọ náà títí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yóò fi parí. A ṣèlérí. Ìdí tí ẹ ò fi rí i níhìn-ín nìyẹn.

Oṣù méjì ni Dádì Àgbà ò fi gbé fóònù wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, òun fúnra rẹ̀ pè. Kò kí wa. Ó ní, "Èèpo iṣu tí Màmá sọ yẹn, ṣé ó dá a yín lójú?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó dákẹ́ títí a fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Bàbá mi náà kì í jẹ́ ká dà á nù. A rò pé ahun ni wọ́n."