Kí Eré Alùpùpù Dùn, Kí A sì Délé Láyọ̀

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin arábìnrin mi ọ̀wọ́n, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé kò sí adùn nínú gígun alùpùpù, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí mo ti ń gun tèmi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní oko, mo sì lè fi ẹnu ara mi jẹ́rìí sí i. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ a máa fẹ́ sí ènìyàn láyà, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa a máa gba imú ẹni, ọ̀nà a tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú, ara a sì fúyẹ́. Kì í ṣe ọ̀ràn kí a tètè dé ibi iṣẹ́ nìkan, ìgbádùn ni.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi, tí ó pé ọmọ ogún ọdún lọ́dún yìí, sọ fún wa pé òun fẹ́ kọ́ alùpùpù, àti pé bí ó bá ṣeé ṣe òun fẹ́ bá wọn díje lórí rẹ̀, ẹnu mi kò gbà á láti dá a lẹ́kun. Bàbá rẹ̀ dákẹ́, kò fèsì. Ìyá ọkọ mi ni kò lè pa á mọ́ra. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, tìrẹ nìkan ti tó mi í gbàdúrà lé lórí. Ṣé kí n tún máa gbàdúrà lórí ti ọmọ rẹ ni?"

Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí alùpùpù ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tàbí ẹni tí ó ti gbẹ̀mí rẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ tí a bá kọ̀ fún nílé lè lọ kọ́ ọ níta lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láìsí àṣíborí, láìsí olùkọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí a máa wí pé ti ọkùnrin nìkan ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, obìnrin méjì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Theresa Wallach àti Florence Blenkiron, gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lórí alùpùpù. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já, wọ́n sì dé Cape Town ní oṣù Keje ọdún 1935. Ní Èkó tiwa níhìn-ín, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Female Bikers Initiative ti fi ìrìn àjò alùpùpù pe àwọn obìnrin wá ṣe àyẹ̀wò àrùn jẹjẹrẹ ọmú àti ti ọrùn ilé-ọmọ. Ní ọdún 2018 ẹ̀wẹ̀, Ana Carrasco, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, borí nínú ìdíje àgbáyé Supersport 300 tí òun àti àwọn ọkùnrin jọ kópa nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn Carrasco kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ó ṣubú nígbà tí ó ń dánra wò, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́. Ní ọdún 2021 ó padà sórí alùpùpù, ó sì tún borí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi láìfi apá kan pamọ́, kí ó lè mọ̀ pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa pàápàá a máa ṣubú. Ìbéèrè méjì péré ni ó kù: kí ni ó wà lára ẹni náà nígbà tí ó ṣubú, irú ilẹ̀ wo ni ó sì ṣubú lé?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ara, kí a sì ti orí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, jagunjagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn, ṣubú lórí alùpùpù láìdé àṣíborí. Orí ni ó fi gbọgbẹ́, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ó kú. Hugh Cairns, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Ikú yìí mú un ṣe ìwádìí, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1941. Ní ọdún náà gan-an ni a pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń gun alùpùpù pé kí wọ́n máa dé àṣíborí. Nígbà tí ó di ọdún 1973, ó di òfin fún gbogbo agunlùpùpù ibẹ̀. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe pé ó le nìkan. Fóòmù tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ṣe láti rún, kí ó lè gba agbára ìkọlù náà kí ó tó dé ọpọlọ. Ìdí nìyí tí àṣíborí tí ó ti kanlẹ̀ nínú jàm̀bá lẹ́ẹ̀kan kò fi yẹ ní dídé mọ́, bí ó tilẹ̀ ń dán. Ẹ rántí pé nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà lórí ọ̀ràn yìí ní oṣù Kìíní ọdún 2009, àwọn mìíràn gbé igbá tàbí ìkòkò dérí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n àṣíborí gidi tí a kò so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá lọ, nítorí yóò ṣí kúrò kí orí tó kanlẹ̀.

Lẹ́yìn orí ni ara. Ẹni tí ó ń ṣubú a máa na ọwọ́ sílẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ó wọ ìbọ̀wọ́. Bàtà tí ó bo kókósẹ̀ ni kí a wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Jákẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn àti ṣòkòtò ni ó yẹ lórí alùpùpù. Ìró àti gèlè yóò dúró nínú àpò títí a ó fi débi tí a ń lọ, nítorí etí ìró lè há sínú ṣéènì tàbí táyà. Àwọn tí ń díje a máa wọ aṣọ awọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, láti ọdún 2018 sì ni ó ti di dandan fún àwọn eléré MotoGP láti wọ irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀ lójijì bí wọ́n bá ń ṣubú. Ẹni tí ó ń sáré jùlọ ni ó múra jùlọ.

Ìbéèrè kejì ni ti ilẹ̀. Ní pápá ìdíje tòótọ́, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń kọjú sí. A fi àyè sílẹ̀ ní etí ọ̀nà fún ẹni tí ó bá yà bàrá, àwọn dókítà sì wà nítòsí. Ẹ fi èyí wé erékùṣù Isle of Man, níbi tí wọ́n ti ń díje láti ọdún 1907 lórí ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń rìn lójoojúmọ́, láàrin ògiri, igi àti ilé. Ènìyàn tí ó ju 250 lọ ni ó ti kú lójú ọ̀nà orí òkè wọn níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọ̀jáfáfá, tí a sì ti ọ̀nà pa fún wọn. Mélòó-mélòó wá ni títì tiwa, tí ewúrẹ́, ọmọdé àti ọkọ̀ akẹ́rù jọ ń ná? Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ìjánu yóò fi dá alùpùpù dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún ọmọ mi pé pápá ni ilé ìdíje; lójú títì, kò sí ẹni tí a ń bá du ipò.

Pápá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣófo ní ọjọ́ Sátidé ni a ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ ọ pé ibi tí ojú bá ń wò ni alùpùpù ń lọ. Mo kọ́ ọ pé ìjánu iwájú ni ó lágbára jù, ṣùgbọ́n ìka ni a fi ń fún un díẹ̀díẹ̀, a kì í já a gbà: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ó tó gùn ún, ó ní láti wo táyà, ìjánu àti iná. Ìyá ọkọ mi kò dẹ́kun àdúrà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n dẹ́kun, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń bi í báyìí pé, "Okùn àgbọ̀n rẹ ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní gun tiyín láé, ṣùgbọ́n tí ẹ ń wọ ọ̀kadà lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ béèrè àṣíborí, ẹ ká ìró yín mọ́ra dáadáa, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan sàlẹ́ńsà tí ó gbóná, ẹ má sì tijú láti sọ̀kalẹ̀ bí ọlọ́kadà bá ń sáré àsápajúdé. Bí ọmọ yín bá sì wí pé òun fẹ́ gùn ún, ẹ má ṣe fi igbe lé e. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò wọ̀, ibi tí yóò ti kọ́ ọ, àti ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ẹ jẹ́ kí a múra fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n lè lọ, kí wọ́n gbádùn, kí wọ́n sì padà wá bá wa.