Ta Ni Ìsinmi Oṣù Kẹjọ Wà Fún ní Ìsarà?

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ní Ìsarà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, tí kò jọ nǹkan bàbàrà lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n tí ó tó ohun tí èèyàn ń dúró rò. Ní ìparí oṣù Keje, ilé ìwé á ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ á gba èsì ìdánwò wọn, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èyíinì ni ọlidé ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tí í máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7, á sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ kan náà á tún gbé báàgì kọ́ èjìká ní kùtùkùtù, tí wọ́n á forí lé ọgbà ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, àfi pé aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀ dípò yúnífọ́ọ̀mù. Lẹ́sìn ni wọ́n ń lọ. Ohun tí àwọn òbí ń pè ní lẹ́sìn ni ẹ̀kọ́ àfikún tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn wákàtí ilé ìwé tàbí ní àkókò ọlidé, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí ó ti rẹ ọmọ, tí ó sì ti rẹ olùkọ́ pẹ̀lú, ta ni wọ́n wá ń ṣe lẹ́sìn yìí fún?

Ìdáhùn tó wà lẹ́nu àwọn òbí ni pé kí ọmọ má baà gbàgbé ohun tó ti kọ́, kí ó má sì máa rìn gbéregbère káàdúgbò. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n bí a bá wo inú yàrá lẹ́sìn kan ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹjọ, a ó rí i pé ìdáhùn náà kò tó. Ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 13 lè jọ wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Èyí ẹ̀gbọ́n ń da ìṣirò kọ láti ara pátákó, èyí àbúrò ti gbórí lé tábìlì, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀ sórí ìwé àwòrán, kúlà oúnjẹ rẹ̀ tí wọ́n ti jẹ ìdajì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, olùkọ́ á dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Agogo kan ọ̀sán ni lẹ́sìn ń parí, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ànńtí, kò lè lọ sílé, nítorí pé àwọn kan ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ìyá wọn kò tíì dé. Nígbà tí ìyá bá dé, ohun tí yóò wí ni, "Ẹ má bínú, Ànńtí, ọkọ̀ ni kò tètè kún ní Ṣágámù," Ànńtí á sì dáhùn pé, "Kò sí wàhálà, Màmá, ẹ kú ìrìn." Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọ kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jọ pé ibi tí ọmọ yóò wà láìséwu títí ìyá yóò fi dé ni owó lẹ́sìn ń rà, tí ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ènì orí rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa bú lẹ́sìn pé ó ń gba ìgbà èwe lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n a sì máa bú àwọn olùkọ́ pé owó ló ká wọn lára. Ìbáwí náà kò tọ́ sí wọn, nítorí pé àlàfo kan ló wà nílẹ̀ tí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ń dí.

Ẹ̀rí àlàfo náà wà nínú òfin. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìpilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1974, là á kalẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láìdáwọ́ dúró lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, tí owó rẹ̀ kò sì ní dín. Ọjọ́ 6 fún ìyá, ọ̀sẹ̀ 6 fún ọmọ: kò sí bí a ṣe lè ṣírò rẹ̀ tí yóò fi bá ara mu. Ti ìyá ọlọ́jà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ọjà ọrọọrún, tí í ṣe ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́, kò sì fi Sátidé ṣe ọ̀tọ̀ sí Ọjọ́rú. Ó dára kí a wo bí ìsinmi náà ṣe dé oṣù Kẹjọ.

Kì í ṣe ibẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gbé kalẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1956 náà ni Táí Ṣólàárín àti Sheila aya rẹ̀ ṣí ilé ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́. Oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, tí ìparí rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí àsìkò Kérésìmesì àti ọyẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní 1976, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n mú, oṣù náà ni ọdún ẹ̀kọ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nínú ìwé Wọlé Ṣóyínká tó ń jẹ́ Aké, tí ó jáde ní 1981, a rí ìdílé kan tó ń ti Abẹ́òkúta wá sí Ìsarà, ìlú bàbá wọn, ní ìparí ọdún. Bàbá náà, Samuel Ayọ̀délé Ṣóyínká, ni ọ̀gá ilé ìwé St. Peter's ní Aké, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá sópin. Ìyá ní tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí kì í ní ọlidé, ó sì tún wà lára àwọn obìnrin tó bá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ja ìjà owó orí tí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949. Ohun tó fani mọ́ra níbẹ̀ ni pé wọn kò wá ibi tí wọn yóò fi ọmọ pamọ́ sí. Ọmọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń rán an níṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin tó ń ṣèpàdé.

Ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ obì gbà ń gba ọmọ mọ́ra ní Rẹ́mọ, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ sórí obì, nítorí òwò gbànja ló gbé orúkọ Ṣágámù dé òkè ọya, tí àwọn oníṣòwò Haúsá fi tẹ̀dó sí Sábo ibẹ̀. Gbànja ni obì aláwẹ́ méjì, tí ó yàtọ̀ sí àbàtà aláwẹ́ púpọ̀ tí a fi ń bọ òrìṣà, apá ìparí ọdún sì ni ìkórè rẹ̀ ń pọ̀ jù. Bí a bá ti la èèpo rẹ̀, obì kọ̀ọ̀kan ṣì wà nínú awọ funfun kan tó rọ̀. A ó rẹ ẹ́ sómi tàbí kí a kó o jọ sábẹ́ ewé tútù títí awọ náà yóò fi jẹrà, lẹ́yìn náà ni a ó bó o, tí a ó fọ̀ ọ́, tí a ó jẹ́ kí omi ro dànù lára rẹ̀, kí a tó tò ó sínú agbọ̀n tí a ti fi ewé tẹ́ nínú. Ọwọ́ kékeré dára fún iṣẹ́ bíbó, nítorí èékánná àgbà a máa ha obì lára, obì tó bá sì ti lápàá kì í pẹ́ bàjẹ́. Ojú ọmọdé sì máa ń tètè rí ihò tí kòkòrò lu, ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, àwọn ọmọ á yí i ká, ọ̀rọ̀ á máa lọ, obì á máa bọ́. Òfin Iṣẹ́ tí a mẹ́nu bà lókè pàápàá mọ irú èyí: ó ka iṣẹ́ ṣíṣe léèwọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, ṣùgbọ́n ó yọ iṣẹ́ oko tàbí ti ilé tó fúyẹ́, tí ó bá jẹ́ lábẹ́ ẹbí tirẹ̀, sílẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò ní ìnira, ìka ọmọ a máa hunjọ, ẹ̀yìn a sì máa ro ó; ṣùgbọ́n ibi tí ìyá àgbà wà ni ọmọ wà.

Nígbà tí ọlidé ṣí kúrò ní ìparí ọdún, obì kò bá a ṣí. Oṣù Kẹjọ ní Ìsarà jẹ́ oṣù àgbàdo àti òtútù, òjò a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀ kí ó tó padà lóṣù Kẹsàn-án. Síbẹ̀ àwọn òbí tó wà ní Èkó ṣì ń kó ọmọ wá fún ìyá àgbà láti ìparí oṣù Keje, nítorí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ti sọ Rẹ́mọ di ìtòsí.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò sí nílé mọ́ bí a ti rò. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń tajà, àwọn mìíràn sì ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ, èyíinì ni pé wọ́n lọ tọ́jú ìyá ìkókó àti ìkókó rẹ̀ fún oṣù bí mélòó kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ìparí oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni ọlidé ńlá ilé ìwé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, nígbà tí ìyá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò rí ẹni fi ọmọ tì. Láyé ìgbà tí ọlidé tiwa wà ní ìparí ọdún, ìyá àgbà kan ìbá lè lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ kí ó sì ti padà sí Ìsarà kí ọyẹ́ tó dé. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ-ọmọ tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn tó wà ní Ìsarà ń wá a. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó mú kí yàrá lẹ́sìn máa kún, bóyá kò sì ju pé ọjà ti le lọ. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, a jẹ́ pé ó yẹ kí a yí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ padà, kí a bi ìyá àgbà pàápàá bí ó bá fẹ́ lọ, kí a sì bi í ìgbà tí òun náà yóò sinmi.