Ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì fẹsẹ̀ rin Mọníyà já

Bí ẹ bá sọ fún ará Ìbàdàn ní ogún ọdún sẹ́yìn pé àwọn ará Èkó yóò máa wá sí Mọníyà wá najà, ẹ̀rín ni yóò fi yín rín. Kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà yẹn? Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ọjà, àtàwọn dẹ́rẹ́bà tó ń pe èrò Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá ti kọjá Ọjọ́ọ̀, tó tún kọjá ọgbà IITA, ó ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé òun ti kúrò n'Ìbàdàn nìyẹn. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Ààrẹ Buhari ṣí ojú irin tuntun tó wá láti Èkó, wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ibùdókọ̀ ojú irin tó wà ní Mọníyà. Látìgbà náà, èèyàn lè jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà l'Ágége láàárọ̀, kó jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Mọníyà, kó sì tún padà sùn l'Ágége.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn láàárín àwọn obìnrin oníṣòwò nìyẹn o: "Gba Mọníyà lọ, ọjà ṣì rọjú níbẹ̀." Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí gbọ́ ọ, òun náà tiẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbé e kiri. Orúkọ ẹ̀ gan-an ò kan ẹnikẹ́ni, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àmàlà ló ń tà, nítòsí ibùdókọ̀ kan l'Ágége. Ẹni tó bá sì ń ta àmàlà, tí èlùbọ́ wá gbówó lórí mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi kó máa bu kékeré fún oníbàárà, oníbàárà ọ̀hún náà ò sì ní í pa ẹnu ẹ̀ dé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ọdún 2024, ló gbéra. Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí nígbà yẹn. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo tó wà ní nǹkan bíi 190 náírà fò dé nǹkan bíi 500 kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kò sóhun tó dúró síbi tó wà mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ pé kó lọ bá dọ́là jà fúnra ẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ bí ìjà ọ̀hún ṣe rí. Nínú oṣù kejì, 2024, àwọn èèyàn ti jáde sí Mókọ́lá n'Ìbàdàn, wọ́n ń pariwo pé ebi ń pa àwọn.

60,000 náírà ni Ìyá Ìbejì dì mọ́nú, yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ tó ti san. Èlùbọ́ àti láfún ló fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà. Ìyá ẹ̀, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń dá gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Mọníyà, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ ti gbóhùn ìyá gbẹ̀yìn. Ìjọba ló ní kí wọ́n já gbogbo síìmù tí wọn ò bá so mọ́ NIN tó bá fi di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún náà. Ti màmá yìí wà lára àwọn tí wọ́n já.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ọlọ́kadà ní 800 náírà ni dé abúlé. Ìyá Ìbejì wò ó sókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó ti ṣírò ẹ̀ láti ilé pé èlùbọ́ Mọníyà fi nǹkan bíi 400 náírà rọ̀ ju ti Agége lọ lórí kóńgò kan. Bó bá gun ọ̀kadà lọ, tó gùn ún bọ̀, èrè kóńgò mẹ́rin ti lọ nìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì ojú irin kò sì tíì mú tiẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń pariwo ọjà Mọníyà kì í sọ rèé: ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ rìn ni ọjà ọ̀hún rọjú fún. Ó tú gèlè, ó ṣẹ́ ẹ kó lé orí bí òṣùká, ó bọ́ sọ́nà.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn ló máa mọ ohun tí ojú irin ti ṣe níbẹ̀. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, fẹ́ǹsì ló kún bẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára wọn gàdàgbà pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Àwọn obìnrin tí oko ṣì kù sọ́wọ́ wọn jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́, láfún tí wọ́n sá ń rùn gbùù nínú oòrùn. Nǹkan ìyanu ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ lágbègbè yìí. Nítòsí ibẹ̀ ni IITA wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà. Nígbà tí kòkòrò kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń run ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà, àwọn ni wọ́n wá agbọ́n tín-ń-tín kan rí ní ilẹ̀ Paraguay, tí wọ́n tú u sínú oko káàkiri, tó sì ṣẹ́gun kòkòrò náà. Hans Herren tó darí iṣẹ́ ọ̀hún gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Agbọ́n ṣe tiẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Àmọ́ agbọ́n ò lè bá èèyàn san owó mọ́tò tó ń gbé láfún lọ sí Èkó.

Ó bá ìyá ẹ̀ níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ńṣe ni àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ arúgbó náà.

"Àbẹ̀kẹ́! Ta ló kú?"

"Ẹnì kankan ò kú o, Màámi. Ẹ kú ilé. Fóònù yín ni ò lọ."

"Fóònù wo? Èyí tó ń fi Òyìnbó bú mi látàárọ̀ yìí?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó mumi, wọ́n sì jọ gbéra padà sí Mọníyà, torí pé wọ́n ní ẹni tó ni síìmù gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ tẹ̀ka. Ìyá kọ ọ̀kadà, ó ní ẹsẹ̀ òun ò tíì rọ. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dé títì. Oòrùn ni, ó ní. Oòrùn ọ̀hún sì mú lóòótọ́, ìyẹn ni Ìyá Ìbejì ò ṣe fura.

Èrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onísíìmù kọjá àfẹnusọ. Nígbà tó kàn wọ́n, ọmọdékùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní orúkọ ò bára mu. Wọ́n fi lẹ́tà H kan sínú orúkọ màmá lórí NIN, kò sí H lórí síìmù. Ó ní kí wọ́n lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó NIN, tàbí kí wọ́n ra síìmù tuntun. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n rà á.

"Nọ́ńbà yẹn ni bàbá yín mọ̀ mí sí," ni ìyá sọ jẹ́jẹ́. Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó dá màmá lóhùn.

Bó ṣe na ọwọ́ pé kóun tẹ̀ka nìyẹn, tí ojú ẹ̀ ṣú, tó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsẹ́ni tó ní kó jókòó. Àwọn èèyàn pariwo, "Ẹ fún un ní atẹ́gùn!" Wọ́n dì í mú lọ sí ilé oògùn tó wà ní òdìkejì títì, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní 300 náírà. 186 lórí 112 ni ẹ̀rọ gbé jáde. Ọmọbìnrin náà tún un ṣe nígbà kejì, kò yàtọ̀. Ó béèrè bóyá màmá ń lo oògùn.

"Mò ń lò ó," ni màmá wí.

"Lójoojúmọ́, Mà?"

Màmá ò fèsì. Ẹnu Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ gbẹ. Oṣooṣù ló ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé látọwọ́ ọmọ oní-POS kan, kò tàsé rí. Nígbà tó ta kú pé òun fẹ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ jáde. Owó tó ń wá ò tó ra oògùn oṣù mọ́ látìgbà tí nǹkan ti yí padà. Màmá wá ń fi ọ̀bẹ gé hóró kan sí méjì, ó ń lo ààbọ̀ lónìí, ó ń fo ọ̀la. Láti bí oṣù mẹ́rin nìyẹn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n wá sọ kí ni? Ṣé mi ò gbọ́ rédíò ni? Mo mọ̀ pé ìwọ náà ń jà."

Ọmọbìnrin ilé oògùn ní kì í ṣe màmá nìkan. Ó ní ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ oògùn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá pàápàá ń kó lọ. Nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2023, GlaxoSmithKline ti kéde pé àwọn ò ní í ṣòwò ní Nàìjíríà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oríṣi méjì tí màmá ń lò, tí wọ́n jọ ń jẹ́ 2,000 lóṣù tẹ́lẹ̀, ti di 7,500. Ó ní kí wọ́n mú màmá lọ rí dókítà lọ́sibítù ìjọba ní ọjọ́ Mọ́ńdè láìyẹ̀, kí wọ́n má sì gé oògùn mọ́. Ìyá Ìbejì yí ẹ̀yìn sí ìyá ẹ̀, ó ka 15,000, ó ra ti oṣù méjì.

Ó fi màmá sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó wọ ọjà lọ. Kì í ṣe obìnrin tó gbéra l'Ágége láàárọ̀ ló wọ ọjà yẹn. Kóńgò méjìdínlógún ló ní lọ́kàn. Oní-èlùbọ́, àgbà obìnrin kan, pe 2,600.

"Màmá, ẹ gbà á ní 2,300."

"Kò gbà bẹ́ẹ̀, oníbàárà mi. Iṣu ni, kì í ṣe iyanrìn."

"Èmi náà ń tà á ni, Màmá. Ẹ ṣàánú mi."

Wọ́n fà á, wọ́n tu ú, ó já sí 2,500. Ó ra méjìlá. Oní-èlùbọ́ fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì lé e, ó wo ojú ẹ̀, ó tún bu ẹ̀kejì. Láfún kóńgò mẹ́fà jẹ́ 8,400. Ó ní kí màmá náà bá òun tọ́jú ẹrù sábẹ́ ìsọ̀, òun máa gbé e bí òun bá ń lọ wọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́. Ní báyìí, owó síìmù tuntun nìkan ni ò kà, torí ọmọdékùnrin yẹn ṣàánú wọn, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́ 6,300.

Ọ̀kadà ni wọ́n gbé màmá padà sílé lọ́tẹ̀ yìí, 800 náírà, ẹnikẹ́ni ò sì dúnàá-dúrà. Ìyá Ìbejì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn. Nígbà tó dé, ó to oògùn sójú fèrèsé níbi tí wọ́n á ti máa rí i, ó kó gbogbo ààbọ̀ hóró tó wà nínú ike dànù, ó sì fún ìyá ẹ̀ ní 5,000 pé kí wọ́n fi jẹun. 500 náírà ló kù sí i lọ́wọ́. Aago mẹ́ta ti ń lù.

Màmá gbé páálí oògùn náà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Èló ni wọ́n tà á fún ẹ?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì ni ti oṣù kan, Màámi."

"Ẹgbẹ̀rún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti wálẹ̀. Iye tó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dá a padà sí. Torí náà ẹ má gé e mọ́ o, ẹ jọ̀ọ́."

Ojú arúgbó náà tàn. Ó dìde, ara ẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀, ó na ọrùn síta, ó pe ìyá tó ń gbé nínú ọgbà kejì. Àgbàlagbà bíi tiẹ̀ ni, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n, wọ́n ti jọ ń gé oògùn látọjọ́ yìí. Màmá yìí tú etí ìró ẹ̀, ó yọ 2,000 nínú 5,000 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un, ó fi lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́.

"Ó ti wálẹ̀ o! Àbẹ̀kẹ́, sáré padà lọ, bá mi ra ti oṣù kan fún Ìyá wa yìí. Ó ti dá tiẹ̀ dúró pátápátá. Tètè lọ, kí wọ́n má tún ti gbé owó lé e."

Ìyá ọgbà kejì ti kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un.

Ìyá Ìbejì gba owó náà. Ó béèrè orúkọ oògùn tí ìyá náà ń lò, ó ní kí wọ́n fi páálí ẹ̀ àtijọ́ han òun, ó kà á dáadáa, ó sì fi 2,000 náà mọ́ 500 tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó bọ́ sọ́nà Mọníyà lẹ́ẹ̀kan sí i.