Táyà ń fò, ìdí mọ́tò ń ké, owó àjọ fẹ́ wọ̀gbẹ́

Ẹni tó bá gbé Bàrígà ní ọdún 1988 á rántí bí àdúgbò Jagunmólú ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò. Mọ́tò kì í gba ibẹ̀ kọjá kó má dún. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ wágúnù Píjò 504 kan kò fi kọ́kọ́ ka ariwo tó ń ké "kò-kò-kò" nídìí ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ó ní kòtò ló ń dún, mọ́tò kọ́.

Àfi ọjọ́ tó kó èrò ní Ọjọ́ta, tó bọ́ sójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí mítà ṣe kan 80 báyìí, ijó dé. Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe mímì lásán o! Táyà ẹ̀yìn ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú ọ̀dà bíi bọ́ọ̀lù tí ọmọdé ń lù mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn figbe ta: "Dẹ́rẹ́bà, sọ̀ mí kalẹ̀ o! Àwọn ọmọ mi ò tíì tọ́jú mi." Awakọ̀ dẹ ẹsẹ̀, ó rọlẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Eré 60 ló sá dé Ìbàdàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Títì yẹn, láti 1978 tí wọ́n ti ṣí i, ẹ̀jẹ̀ tó mu kì í ṣe kékeré. Oṣù kejì ọdún 1988 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe alága àkọ́kọ́. Awakọ̀ yìí mọ ibi tí táyà tó ń fò lè gbé èèyàn lọ. Oorun dá lójú rẹ̀.

Ta ni yóò wá tún un ṣe? Ibí lọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Mẹkáníìkì rẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọmọ náà wo ìdí mọ́tò, ó ní, "Bọ̀dá, ṣọ́ọ̀kù ti kú." Wọ́n ra méjì. Ẹ má gbàgbé pé ní 1985, náírà àti dọ́là ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń rìn. Nígbà tí SFEM dé ní oṣù kẹsàn-án 1986, dọ́là kan fò dé bíi náírà 4. Lóòótọ́, Kàdúná ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ láti 1975, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irin inú rẹ̀ ti ń wá. Owó ṣọ́ọ̀kù méjì yẹn dun awakọ̀ dé egungun.

Wọ́n dè é tán, ariwo tún pọ̀ sí i! Fífò náà dín díẹ̀, kò lọ. Àbúrò ìyàwó fọwọ́ họrí, ó ní ó ní láti jẹ́ ásẹ̀lì, kí wọ́n wá tòkunbọ̀ rà. Owó wo? Owó kan ṣoṣo tó wà nínú ilé ni àjọ tí Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, tó fẹ́ fi ra gàrí àti ẹ̀wà sí ìsọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà gbé e sórí tábìlì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ra irin yìí tán, tó tún ń ké ńkọ́?"

Ọkọ kò lè sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ kò mọṣẹ́. Ìyàwó náà kò lè sọ ọ́. Wọ́n jọ ń wo owó.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní Ṣómólú. Ṣé ẹ mọ Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé: ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ariwo mọ́tò. Bàbá ní, "Ẹ má ra nǹkan kan o. Ẹ padà wá kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bàbá fúnra rẹ̀ wà á. Ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó fetí sílẹ̀. Wọ́n rọra gba ọ̀nà Akọ́ka, wọ́n bọ́ sí kòtò kéékèèké: kò-kò-kò. Wọ́n bọ́ sójú títì Ìkòròdú tó dán, ariwo dákẹ́. Ó di 80, fífò bẹ̀rẹ̀.

"Àìsàn méjì ni," bàbá wí, "ẹ pa wọ́n pọ̀ sọ́nà kan. Èyí tó ń gbọ́rọ̀ sí kòtò lẹ́nu, nǹkan tó tú ni. Èyí tó ń gbọ́rọ̀ sí eré, nǹkan tó ń yí ni."

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi gbogbo ara tẹ ìdí mọ́tò, ó jọ̀wọ́ rẹ̀: ó gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó dúró jẹ́ẹ́. Ṣọ́ọ̀kù dára. Ó fi jáàkì gbé e, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín, kò já gan-an. Ó ki irin bọ inú àwọn bọ́ọ̀ṣì, kò sí wàhálà. Ó wá di ẹfun mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó yí táyà. Ẹfun kan ojú kan péré, gbogbo ibi tó kù kò kàn án. Táyà tí wọ́n tún lẹ̀ ni, rọ́bà rẹ̀ ti ṣí níhà inú, ó wú bí ẹni tí agbọ́n ta!

Táyà bẹ́ẹ̀, ní eré 80, ń yí bíi ìgbà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tó wú yẹn ń lu ilẹ̀ nígbà 11. Ásẹ̀lì gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn wágúnù pọ̀ náà, bíi ìgbà 10 sí 15 ni fífò tirẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń lù ú. Àwọn méjèèjì pàdé, ni wọ́n bá ń jó. Wọ́n fi sípíà rọ́pò rẹ̀, wọ́n padà sí títì Ìkòròdú: 80, 90, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Ó wá ku ariwo. Bàbá na ọwọ́ sí orí ṣọ́ọ̀kù, irin ń gbá irin. Rọ́bà kékeré tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí, nọ́ọ̀tì kò sì lè há dáadáa. Ọmọ náà kò purọ́ o, ṣọ́ọ̀kù ti tẹ́lẹ̀ ti kú lóòótọ́. Títuntun ni kò bá rọ́bà dè.

Awakọ̀ ránṣẹ́ pè é. Bàbá kò bú u. Ó na sípánà sí i: "Ìwọ lo dè é, ìwọ ni kó o tún un dè. Rọ́bà inú páálí dà?" Ojú ọmọkùnrin náà pọ́n. Ó ti rò pé nǹkan tí wọ́n fi há páálí ni.

Wọ́n jọ lọ sílé ní Bàrígà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Táyé, ó ń yí i kiri bíi táyà. Ìyá Ìbejì wá èkejì títí, ó fi ìgbálẹ̀ fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan. Ó wá kó owó àjọ rẹ̀ lórí tábìlì, ó gba ọjà lọ.