Aṣọ Tí Kò Fẹ́ Lọ

Ní Sátidé tó kọjá, mo da gbogbo aṣọ mi sórí ibùsùn nínú yàrá mi ní Ilé-Ifẹ̀. Aṣọ ẹbí mọ́kànlá! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ifẹ̀ kúkú mọ̀: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, Ọlọ́jọ́, gbogbo wọn ló ń mú aṣọ tiwọn dání. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ mẹ́jọ nínú wọn, owó tí mo ná lé wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé mi lọ́dún kan.

Mo kó àwọn léèsì fún àwọn àbúrò mi. Àǹkárá tí a fi sìnkú ìyá-ìyá mi nìkan ló le. Ó ti fún mọ́ mi láyà, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jù ú sínú àpò, tí mo tún yọ ọ́. Nígbẹ̀yìn, mo gé etí ìró rẹ̀, mo fi di irun mi, mo sì gbé ìyókù lọ fún télọ̀ kó fi rán aṣọ ìrọ̀rí.